Ó Sin Bàbá Rẹ̀ Síwájú Ṣọ́ọ̀bù Kí Wọ́n Má Baà Wó O

Ẹ̀yin ará, ẹ má ṣe yí èyí kọjá. Ẹ fara balẹ̀ kà á parí, nítorí inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, ó sì yẹ kó bí ẹ̀yin náà.

1.
Ọlálérè ni àkọ́bí Tíṣà Bámgbóyè, bàbá kan láti Ìgbẹmọ-Èkìtì tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé ní Adó. Nígbà tí Tíṣà fẹ̀yìn tì, òun àti ìyàwó rẹ̀ padà sí Ìgbẹmọ lọ dáko. Wọ́n fi ilẹ̀ kan tí wọ́n ti rà lọ́nà Ìjàn, lẹ́yìn ìlú Adó, lé Ọlálérè lọ́wọ́ pé kó kọ́ ilé sí i, kí òun àti Títílọpẹ́, àbúrò rẹ̀ obìnrin, jọ máa gbé ibẹ̀.

Ilé kọ́ ni Ọlálérè rí nínú ilẹ̀ yẹn. Ṣọ́ọ̀bù ló rí, ṣọ́ọ̀bù tó tò lọ rẹrẹ tó sì kọjú sí títì. Ó ya pláànì, ó gbé e lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí ilé kíkọ́. Ìyáàfin Folúkẹ́ tó gba pláànì lọ́wọ́ rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní iwájú ilẹ̀ yẹn ni omi gbogbo àdúgbò ń gbà kọjá nígbà òjò, ìjọba sì máa la gọ́tà síbẹ̀. Kó fa ṣọ́ọ̀bù sẹ́yìn, kó tún pláànì yà, òun á bá a mójú tó o kíákíá.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rọrùn tó o. Fífà sẹ́yìn lásán! Ọlálérè ní ta ló ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù sẹ́yìn, ta ni yóò rí ọjà òun níbẹ̀. Ó gbé pláànì rẹ̀, ó lọ gbẹ́ ìpìlẹ̀ síwájú gan-an. Kò pẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì yẹn fi wá fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára búlọ́ọ̀kù pé kó dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

2.
Àsìkò yẹn náà ni Tíṣà Bámgbóyè kú. Kó tó kú, ó ti sọ fún ìyàwó àti ọmọ pé ẹ̀yìn ilé òun ní Ìgbẹmọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá òun, ni kí wọ́n sin òun sí. Kò sẹ́ni tí kò gbọ́.

Ọlálérè náà gbọ́. Ṣùgbọ́n ó ti ṣàkíyèsí pé àwọn tó ń wó ilé kì í fẹ́ fọwọ́ kan ibi tí sàréè bá wà. Ó bá kó ẹbí jọ, ó ń sunkún, ó ní òun ò lè jẹ́ kí bàbá òun jìnnà sí òun, Adó ni kí wọ́n sin ín sí kí òun máa rí i lójoojúmọ́. Ẹbí ń yìn ín pé ọmọ gidi ni. Pásítọ̀ ìjọ wọn pàápàá fi í ṣe àpẹẹrẹ. Màmá, tí ọ̀fọ̀ ti mú gbogbo okun rẹ̀ lọ, gbà fún un.

Títílọpẹ́ nìkan ló pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bùrọ̀dá mi, kí ló dé tó fi jẹ́ iwájú ibi tí wọ́n kùn lọ́dà gan-an lẹ fẹ́ sin wọ́n sí?"

"Ta ló máa gbé katapílà wá sórí sàréè? Fi mí sílẹ̀, mo mọ ohun tí mò ń ṣe."

Títílọpẹ́ sunkún títí, ṣùgbọ́n kò lẹ́nu láàárín àwọn àgbà. Bí ọmọ kan ṣe fi òkú bàbá rẹ̀ ṣe máígáàdì fún ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Ẹ bá mi wo irú ìwà yẹn.

3.
Wọ́n lẹ táìsì sí sàréè náà, ó ń dán. Kí òdòdó orí rẹ̀ tó rọ tán, ṣọ́ọ̀bù ti ń ga lọ lọ́tùn-ún lósì rẹ̀. Lóòótọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì wá láti wó o, wọ́n rí sàréè, wọ́n sì padà. Ọlálérè ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun ti gbọ́n ju ìjọba lọ.

Nígbà tó yá, òjò ńlá rọ̀. Omi tó ń gba iwájú ilẹ̀ yẹn kò rọ́nà kọjá mọ́, ó bá yà sílé Ìyá Pẹ̀lúmi, opó kan ládùúgbò. Ìrẹsì tí obìnrin náà fẹ́ kó lọ tà ní Ọjà Ọba rin gbindin, ó bà jẹ́ pátápátá. Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ opó yìí? Ó lọ fẹjọ́ sùn ní ọ́fíìsì, ó sunkún níbẹ̀ débi pé ọ̀gá wọn fúnra rẹ̀ wá wo ilẹ̀ náà.

Nígbà tí katapílà dé, Ọlálérè lọ dúró ti sàréè, ó ní kí wọ́n gun orí bàbá òun kọjá bí wọ́n bá láyà. Wọn ò gùn ún. Wọ́n wó ṣọ́ọ̀bù ọ̀tún, wọ́n wó ti òsì, wọn ò fọwọ́ kan táìsì kan. Ìyáàfin Folúkẹ́ wá bá a níbi tó dúró sí.

"Ẹ̀yin lẹ sin bàbá yín sójú ọ̀nà omi. Ẹ̀yin náà lẹ máa hú wọn jáde. A máa dúró dè yín."

4.
Ẹbí tó ń yìn ín níjọ́sí ló wá wò ó bó ṣe ń hú bàbá rẹ̀ jáde. Nígbà tí bíríkìlà fọ́ sàréè náà, omi ti kún inú rẹ̀, pósí ti rà. Mi ò ní sọ ohun tí wọ́n rí, nítorí ọ̀wọ̀ Tíṣà. Màmá ti dé láti Ìgbẹmọ, Títílọpẹ́ sì ti sọ gbogbo òótọ́ fún un. Ó dúró lẹ́bàá títì, kò sunkún. Ọlálérè dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀.

Gbogbo wa la mọ àdúrà tí ìyá máa ń gbà lórí àkọ́bí rẹ̀, pé kí ọmọ náà sin òun. Màmá wo ọmọ rẹ̀ nílẹ̀.

"Ọlálérè, mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo bá kú, má wá. Títílọpẹ́ ni yóò sin mí, ní ulé mi, ní Ìgbẹmọ."

Ó wọ mọ́tò tó fẹ́ gbé Tíṣà nínú pósí tuntun lọ sí Ìgbẹmọ. Ọlálérè fẹ́ wọlé tẹ̀ lé wọn, Títílọpẹ́ pa ilẹ̀kùn dé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé lọ́wọ́, ìkìlọ̀ rèé o. Ẹ gba ìwé àṣẹ kí ẹ tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fà sẹ́yìn, ẹ fà sẹ́yìn. Ẹ má kọ́ nǹkan dí ọ̀nà omi, kí ẹ má sì fi òkú òbí yín bo ojúkòkòrò yín. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n wó, ẹ lè rówó tún un kọ́. Ọ̀rọ̀ tí ìyá yẹn sọ ńkọ́, ọ́fíìsì wo lẹ máa gbé e lọ kí wọ́n lè bá yín yí i padà?