Hezekiah Ọ̀ta Bẹẹrẹ àti Ọmọ Ayò Kan Ṣoṣo

Kí ló ń ṣe ẹni tí Ọlọ́run fi ọwọ́ ọ̀ta ayò jíǹkí, tó tún wá fi ọwọ́ yẹn kan náà jalè? Mo ti bi ara mi títí, mi ò rí ìdáhùn. Hezekiah, kápẹ́ńtà tó ń gbẹ́ ọpọ́n ayò ní Bẹẹrẹ, ni mò ń sọ. Kò sí ẹni tó lè pa á láyò ní gbogbo Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n agbéraga ni, kò sì gbà pé ó yẹ kí ẹ̀dá kankan borí òun láyé. Ìwà yẹn ló ba tiẹ̀ jẹ́, ìwà yẹn náà ló kó bá wa.

Ní ọdún 1984, ìdíje ayò ti gbogbo orílẹ̀-èdè wá sí Gbọ̀ngàn Mápó. Ìlú kọ̀ọ̀kan kó àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ rẹ̀ wá, ọkùnrin mẹ́rin, obìnrin mẹ́rin. Hezekiah ni olórí àwọn ọkùnrin Ìbàdàn. Àǹtí Ẹ̀bùnọlá, ará Kúdẹtì, ni olórí àwa obìnrin. Ikọ̀ obìnrin tó bá gbégbá orókè, ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn yóò gba máṣíìnì ìránṣọ tuntun. Ẹ̀yin ìyá ọmọ, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Ọṣẹ ni mò ń kiri nígbà náà, láti Ọjà'ba dé Oríta-mẹ́rin, pẹ̀lú Bọ́lájí ọmọ oṣù méje lẹ́yìn mi nínú oòrùn. Àyà mi kì í balẹ̀. Bó bá húkọ́ lásán, èmi a ti máa sunkún. Bí mo bá ní máṣíìnì, màá jókòó sábẹ́ òrùlé, ọmọ mi á sì máa sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Nígbà tí a ń dánra wò, Hezekiah wá dúró lé wa lórí, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Bọ́lájí, ṣé ọmọ lo máa pọ̀n ta ayò? Kó má lọ tọ̀ sórí ọpọ́n tí mo gbẹ́ o!"

Àǹtí Ẹ̀bùnọlá kò gbójú sókè. "Ìtọ̀ ọmọ ṣeé nù, bọ̀dá. Ẹnu yín ni kò ṣeé nù."

"Ẹ̀yin ọ̀pẹ! Ẹ wò ó bí ẹ ti ń ka ohun tí ẹ jẹ bí ẹni ń ka ẹyin adìẹ. Ọ̀ta kì í kà!"

Ní àárọ̀ ọjọ́ àṣekágbá, Ìyáàfin Felicia, olórí àwọn adájọ́, dìde. "Bí ẹnikẹ́ni bá ṣe màgòmágó lónìí, gbogbo ìlú rẹ̀ ló jáde, tọkùnrin tobìnrin. Ṣé ẹ gbọ́?"

"A gbọ́ o!" Ohùn Hezekiah ló ròkè jù.

Àwa obìnrin la kọ́kọ́ ta. Ara Bọ́lájí gbóná díẹ̀ lẹ́yìn mi, síbẹ̀ mo pa obìnrin Ìlọrin tó kojú mi. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la pa tiwa. Ariwo sọ! Máṣíìnì mẹ́rin wà lórí pèpéle, mo sì ti fi ojú yan tèmi.

Ó wá ku Hezekiah àti bàbá arúgbó kan láti Ìlọrin. Ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta ló wà lójú ọpọ́n. Ẹni tó bá jẹ márùndínlọ́gbọ̀n ló borí, ṣùgbọ́n a ní láti ta á parí kí adájọ́ tó kà. Bàbá yìí tẹjú mọ́ ọpọ́n. Ó jẹ méjì, ó jẹ mẹ́ta, ó tún jẹ méjì. Òógùn bo Hezekiah. Ọ̀kánjúwà àti olè, déédé ni wọ́n jẹ́. Ó kó ọmọ inú ilé kan, ó ń pín in kiri, ṣùgbọ́n ó fi ìka kékeré há ẹyọ kan mọ́ àtẹ́lẹwọ́, kí èyí tó kẹ́yìn lè bọ́ síbi tó wù ú.

Bàbá náà dá ọwọ́ dúró. "Ọmọ mi, la ọwọ́ rẹ."

"Kí ni mo fẹ́ la ọwọ́ fún? Ṣé olè lẹ pè mí ni?"

"Mi ò pè ọ́ lólè. Mo ní kí o la ọwọ́."

Hezekiah na ọwọ́ sápò bí ẹni fẹ́ mú áńkáṣíìfù. Ọmọ ayò náà já bọ́. Ó ń dún kó, kó, kó lórí sìmẹ́ǹtì, ni gbogbo gbọ̀ngàn bá hó yèè.

Ìyáàfin Felicia kéde pé Ìbàdàn ti jáde. Wọ́n ní Hezekiah kò gbọdọ̀ ta ayò ní ìdíje kankan mọ́ títí ayé.

Àǹtí Ẹ̀bùnọlá kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, àwa ò jí nǹkan kan!"

"Mo mọ̀," ni Ìyáàfin Felicia wí. "Òfin ni."

Wọ́n máa ń sọ pé ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Lọ́jọ́ náà ńkọ́? Ọwọ́ wa lódindi ni wọ́n gé! Àwọn obìnrin tí a pa láyò gbé máṣíìnì wa lọ níṣojú wa. Lọ́jọ́ kejì, mo tún gbé igbá ọṣẹ, mo pọn ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná. Inú ṣì ń bí mi bí mo ti ń kọ ọ́ yìí.

Hezekiah padà sí Bẹẹrẹ, kò rí ẹni ra ọpọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Bó bá ń kọjá, àwọn ènìyàn kì í bú u. Wọ́n kàn ń la àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sí i ni. Kí ọdún tó parí, ó ti palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́, ó fi ìlú sílẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ̀kọ́ rẹ̀ rèé. Kí ènìyàn pàdánù kì í ṣe ikú, àmọ́ olè a máa ba orúkọ jẹ́ kọjá àtúnṣe. Bí o bá sì ń ṣojú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọwọ́ rẹ kì í ṣe tìrẹ nìkan mọ́. Bí ìka kan bá tọ epo, yóò ran àwọn ìyókù, títí kan ti ìyá ọmọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹ kọ́ ọmọ yín láti gba pé òun pàdánù, kí ó tó kọ́ bí a ti ń borí.

Ọdún mẹ́sàn-án kọjá kí n tó pàdé Ìyáàfin Felicia ní Òkè Bọ́lá. Ó sọ fún mi pé nígbà tí gbogbo wa ń pariwo lọ́jọ́ náà, òun ka ọmọ ayò tí Hezekiah ti jẹ kó tó jí ẹyọ kan yẹn. Márùndínlọ́gbọ̀n ni.