Bàtà Òjò Yusrah

Ní Ọjọ́bọ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù kẹta, Sherifat tọrọ wákàtí méjì lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Nunhead, nílùú Òyìnbó, ó sì sáré lọ sí ilé ìwé ọmọ rẹ̀. Yusrah, ọmọ ọdún méje, ti rán an létí lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

"Ṣé ìwọ lo máa sọ̀rọ̀ lórí Ìtúnu Ààwẹ̀ ní àsẹ́ńbìlì yẹn ni?"

"Ìyẹn náà wà ńbẹ̀. But there's a surprise, Mummy. Ẹ ṣáà wá."

Sherifat ò mọ̀ bóyá àsẹ́ńbìlì ìkẹyìn nìyẹn. Lẹ́tà kánsù, ìjọba ìbílẹ̀ tó ń pín àyè ilé ìwé, ti wà nínú báàgì rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ní àwọn ní ìdí láti gbà pé Yusrah kò gbé ní àdírẹ́sì tó wà nínú fọ́ọ̀mù rẹ̀. Tí kò bá sí ẹ̀rí kí ilé ìwé tó gba ìsinmi, ọmọ mìíràn ni wọ́n máa fún ní àyè rẹ̀.

Ilé Aunty Adéníkẹ́ ni àdírẹ́sì náà, òpópónà kejì sí ilé ìwé, torí àwọn ọmọ tó ń gbé nítòsí ni wọ́n ń kọ́kọ́ fún láyè. Yàrá kan ní Thamesmead ni Sherifat àti ọmọ rẹ̀ ń gbé, ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ ká. Agogo mẹ́fà àárọ̀ ni wọ́n ń jáde. Wọ́n á wọ bọ́ọ̀sì 177 dé Peckham, wọ́n á wá wọ P12. Yusrah á máa ka ibùdókọ̀ bí wọ́n ṣe ń kọjá, á máa fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan, títí oorun á fi gbé e lọ. Inú Sherifat ń dùn pé ọmọ náà fẹ́ràn ìṣirò. Láti oṣù kejì, tí wọ́n bá ti dé ilé ìwé, ọmọ náà á fà á lápá kọjá ògiri ẹ̀gbẹ́ ọ́fíìsì tí wọ́n ń lẹ àwòrán mọ́. "Ẹ má tíì wò ó o!"

Aunty Adéníkẹ́ kì í ṣe ẹbí. Iṣẹ́ ló pa wọ́n pọ̀, kí obìnrin náà tó fẹ̀yìn tì. Aláṣọ funfun ni, kì í pa ìsìn jẹ. Òun fúnra rẹ̀ ló ní, "Fi ilé mi sí i." Ó ra aṣọ bẹ́ẹ̀dì aláwọ̀ òdòdó sí yàrá kékeré òkè, ó sì to bàtà òjò Yusrah sẹ́nu ọ̀nà, bí ẹnikẹ́ni bá wá wò ó. Kò sẹ́lòmíràn tó mọ̀ sí i.

Nígbà tí lẹ́tà dé, ọmọ ni Sherifat kọ́kọ́ bi.

"Yusrah, ṣé o sọ ibi tá à ń gbé fún ẹnikẹ́ni?"

"Rárá, Mummy. Ẹ ní kí n má sọ. Mi ò sọ."

Ọmọ náà kì í parọ́. Ó wá ku ẹnì kan ṣoṣo. Jethro, ọmọ ọmọ Aunty Adéníkẹ́, sì ti ń dúró de àyè ní kíláàsì Yusrah gan-an láti oṣù kẹsàn-án.

Lọ́jọ́ kejì, Sherifat dúró sẹ́nu ọ̀nà obìnrin náà.

"Aunty, ẹ̀yin lẹ lọ bá kánsù."

"Èmi kẹ̀?"

"Jethro ń wá àyè. Àyè ọmọ mi lẹ sì rí."

"Ṣèrí, wọlé. Òtútù ń mú ẹ."

"Mi ò wọlé. Ẹ wọ funfun lọ́jọ́ Sunday, ẹ ta ọmọ mi lọ́jọ́ Monday."

Aunty Adéníkẹ́ di férémù ilẹ̀kùn mú. "Ọkùnrin kan wá láti kánsù lánàá. Mo mú un gòkè, mo fi bẹ́ẹ̀dì hàn án. Mo ní ibẹ̀ lọmọ ń sùn. Pẹ̀lú ọjọ́ orí mi yìí, Ṣèrí, mo wo àjèjì lójú, mo parọ́."

"Ẹ sì tún ń pa òmíràn fún mi."

Sherifat bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú bàtà òjò méjèèjì, ó sì lọ. Ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn padé lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin náà ò gbá a.

Ní Ọjọ́bọ̀ yìí, àsẹ́ńbìlì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Sherifat dé ilé ìwé. Ògiri ẹ̀gbẹ́ ọ́fíìsì ti ṣófo, àmì gọ́ọ̀mù nìkan ló kù níbẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn, àwọn ọmọ kíláàsì kan fi bébà aláràbarà sọ ìtàn Holi, ọdún aláwọ̀ àwọn ará Íńdíà, wọ́n dà á lé ara wọn lórí, ilẹ̀ dọ̀tí. Yusrah dìde, ó kí gbogbo ilé pé "Ẹ kú ọdún!" Ìdajì àwọn òbí dáhùn pé "Ẹ kú ìyèdún!" Tíṣà rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Ìgbà tí Sherifat wẹ̀yìn ló rí Aunty Adéníkẹ́ lórí àga ìkẹyìn, tó di káàdì tí Yusrah fi pè é mú. Sherifat yíjú kúrò. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé àga tí Jethro máa jókòó sí ló wá wò.

Ọ̀gá ilé ìwé wá pe ẹ̀bùn tó kẹ́yìn, ẹ̀bùn ìforítì. Ó ní ọmọ tó gbà á kò pẹ́ dé rí, kódà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára ògiri láti oṣù kejì, kò sì sẹ́ni tó wọ ọ́fíìsì tí kò dúró kà á. Ó pe Yusrah. Sherifat gbé fóònù sókè láti ya fídíò.

Àwòrán náà tàn lójú ògiri gbọ̀ngàn, bọ́ọ̀sì pupa méjì, gbogbo ibùdókọ̀ láti "Ilé mi, Thamesmead" dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, ọmọbìnrin kan tó sùn lé èjìká ìyá rẹ̀, àti ilé kékeré kan ní igun tí wọ́n kọ "Ilé Aunty Níkẹ́, ibi tí bàtà òjò mi ń gbé" sí lábẹ́, Aunty Adéníkẹ́ sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó dìde láti pàtẹ́wọ́.