Àdúrà Tí Kò Rí Àmín

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìtàn yìí dé ìparí kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu wá oúnjẹ òòjọ́ gan-an ni mò ń bá wí.

1. Bàṣírát ni agbẹnusọ ilé iṣẹ́ kan tó ń kọ́lé tà ní Lẹ́kkí. Ajah ni wọ́n bí i sí, òun àti Mùínàt ni wọ́n jọ lọ ilé kéú. Lọ́jọ́ kan, ògiri wó ní sáìtì wọn ní Ṣàngótẹ̀dó, ó pa Fàtíù bíríkìlà, ọkọ Mùínàt. Mùínàt gbé ilé iṣẹ́ náà lọ sí kóòtù.

Láńre, ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà, pe Bàṣírát. "Ẹjọ́ yìí máa bà wá lórúkọ jẹ́ o. Kọ ọ́ pé wọ́n ní kí Fàtíù sọ̀kalẹ̀ lórí ògiri, kò gbọ́."

"Ọ̀gá, ẹnikẹ́ni ò sọ bẹ́ẹ̀ fún un."

"Òkú ò kúkú lè bá wa jiyàn."

Bàṣírát kọ ọ́, ìwé ìròyìn sì gbé e. Ẹ ò rí i pé irọ́ mọ aṣọ wọ̀?

2. Nígbà tí wọ́n ń ṣàdúrà ogójì ọjọ́ Fàtíù, ọ̀gá tún rán an lọ pẹ̀lú ìrẹsì àti kámẹ́rà, kí ayé lè rí i pé wọ́n láàánú. Bàṣírát dìde láàárín èrò. "Kí Ọlọ́run forí jì í, kó fi àlìjánnà kẹ́ ẹ."

Kò sẹ́ni tó ṣe àmín. Ààfáà ń wo ilẹ̀. Ìyá Bàṣírát fúnra rẹ̀, tó jókòó ti Mùínàt, ò lanu.

"Bàṣí," Mùínàt ní, "ìwọ lo pè é ní aláìgbọràn. Ìwọ náà lo tún ń bẹ Ọlọ́run fún un? Gbé kámẹ́rà ẹ, kó o máa lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún wọ egungun.

3. Ní kóòtù, àwọn bíríkìlà yòókù jẹ́rìí pé ẹnikẹ́ni ò pe Fàtíù sọ̀kalẹ̀. Kíá ni lọ́yà ilé iṣẹ́ sọ pé Bàṣírát ló dá ọ̀rọ̀ náà sọ, wọn ò rán an. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Agbẹnusọ tuntun ló kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé Bàṣírát ló purọ́, èdè rẹ̀ sì dùn bíi ti Bàṣírát.

Bàṣírát pe Mùínàt lórí fóònù, kò gbé e. Ó pe ìyá rẹ̀.

"Mo ti gbọ́, ọmọ mi. Lọ tún orúkọ Fàtíù ṣe ná."

Bàṣírát jókòó nìkan nínú ilé ńlá rẹ̀. Ó ṣàdúrà, òun náà ló sì ṣe àmín rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má torí owó oṣù ba òkú lórúkọ jẹ́. Ọ̀gá tó ní kí ẹ purọ́ mọ́ ẹlòmíràn, tó bá yá, á purọ́ mọ́ ẹ̀yin náà. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ.