Jíìpù Wendell Lọ́sẹ̀ Àjíǹde

"Ẹ yí i sósì."

Mẹkáníìkì náà fẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ jíìpù, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ kan irin kan tẹ̀ lé òmíràn. Lókè, Noreen yí sitíárìn, irin kan dún: Kọ̀.

"Sọ́tùn-ún."

Kọ̀.

Wendell, ọkọ Noreen, ti lọ ra kọfí. Ó ti pààrọ̀ gbogbo irin ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ náà tán, ariwo ò lọ. Ọ̀sẹ̀ Àjíǹde sì ti dé, tí gbogbo oníjíìpù ń wọ́ wá sí ìlú Moab yìí láti fi ọkọ̀ gun àpáta.

Ọwọ́ mẹkáníìkì ba bóòtù kan tó ń mì. Àpá sípánà wà lára rẹ̀, àpá náà ṣì tuntun.

"Màdáámú, ẹnìkan ló tú bóòtù yìí."

"Èmi ni," Noreen dáhùn. "Bó bá ti ń dún, ọkọ mi kì í gbé e lọ sórí àpáta. Lọ́dún tó kọjá, jíìpù tó ní tẹ́lẹ̀ dojú dé, ayùn ni wọ́n fi gé ọkọ̀ kí wọ́n tó rí i yọ."

"Bóòtù tó tú lè pa á lójú títì."

"Àpáta náà lè pa á."

Mẹkáníìkì nawọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó mú sípánà.

Nígbà tí Wendell fi máa dé, mẹkáníìkì ti jáde lábẹ́ ọkọ̀.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ rí i?"

"Bóòtù kan ló bàjẹ́. Mo ti yọ ọ́. Irú ẹ̀ ò sí nílùú yìí, wọ́n máa fi ránṣẹ́ ni."

"Ìgbà wo ló máa dé?"

"Lẹ́yìn Àjíǹde."

Wendell mí kanlẹ̀, ó na kọfí sí i.

"Ẹ má bínú, ọwọ́ òsì ni," mẹkáníìkì wí, ó gbà á. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà nínú àpò, ó di bóòtù náà mú.