Àròkọ Tó Pa Ìyá Ọ̀mọ̀wé

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹ̀yin òbí, ẹ má ka ìtàn yìí dé àárín kẹ́ ẹ sì sá lọ. Ẹ kà á tán.

Ọmọ tí obìnrin alágbàfọ̀ kan bí ló sọ fún gbogbo kíláàsì pé ìyá òun ti kú. Obìnrin náà kò kú. Lásìkò tí ọmọ ń sọ ọ́ gan-an, ìyá wà ní yàrá kejì, ó ń lọ aṣọ aláṣọ.

1. Ọ̀mọ̀wé ni àdúgbò ń pe ọmọ náà, torí òun nìkan ló wọ yunifásítì nílé wọn. Orí fóònù ni olùkọ́ ti ń kọ́ kíláàsì rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Bí kíláàsì bá ti bẹ̀rẹ̀, ìyá á pa rédíò, á máa yọ́ rìn bí olè nínú ilé ara rẹ̀.

Olùkọ́ ní kí wọ́n kọ àròkọ nípa ìyá wọn. Ìyá tó ń rí lójoojúmọ́! Ọ̀mọ̀wé ní ó ti rẹ òun. Ó gbé àròkọ ẹlòmíràn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó yí orúkọ padà, ó fi ránṣẹ́. Ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ló kà. Kò mọ̀ pé ìyá inú àròkọ náà kú nígbẹ̀yìn.

2. Àròkọ yìí pa olùkọ́ lẹ́kún. Lójú gbogbo kíláàsì ló ti bi í pé, "Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ṣé lóòótọ́ ni màmá ti lọ?"

Ẹ̀yin ará, ibi tí ọ̀rọ̀ ì bá ti tán nìyẹn. Kó ṣáà ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi kọ́ ni mo kọ ọ́." Máàkì ni ì bá pàdánù. Ọ̀mọ̀wé dorí kodò, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n ti kú."

"Wọ́n" ni o! Ó pa ìyá rẹ̀ tán, ó tún ń bọ̀wọ̀ fún un.

3. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ kíláàsì mẹ́ta kan ilẹ̀kùn. Ìyá sáré fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, ó lọ ṣí i.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù, mà. Ṣé ẹ̀yin ni àǹtí ọ̀rẹ́ wa?"

"Ta ló kú?"

"Màmá rẹ̀ ni, mà."

Ìyá wo ara rẹ̀ látòkè délẹ̀. "Màmá rẹ̀ wo? Èmi nìkan ṣáà ni mo bí i!" Ó ké pe ọmọ jáde. "Sọ fún wọn. Kí ni mo jẹ́ sí ọ?"

Ọ̀mọ̀wé wolẹ̀. "Àǹtí mi ni. Àwọn ló ń tọ́jú mi."

Ilé ti ń rùn. Áyọ́ọ̀nù ti jó ṣẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́ẹ̀tì, ìyá ò lè mira. Ọmọbìnrin kan nínú àwọn àlejò náà sọ̀rọ̀: "Màmá tèmi kú lóòótọ́. O sì jẹ́ kí n máa bá ọ sunkún?" Ó jáde. Òun ló lọ sọ fún olùkọ́.

4. Wọ́n yẹ gbogbo iṣẹ́ Ọ̀mọ̀wé wò, iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n lé e kúrò ní yunifásítì. Ìgbà yẹn ló wá kúnlẹ̀ níwájú tábìlì ìlọṣọ: "Màmá mi, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n."

"Èmi? Òkú ń bẹ̀bẹ̀ ni?"

Ẹ̀yin ọmọ, iṣẹ́ tí wọ́n bá fún yín, ẹ fọwọ́ ara yín ṣe é, bó ti wù kó wọ́ tó. Ẹni tó bá jí àròkọ gbé, á ru ẹrù inú rẹ̀. Òtítọ́ kì í ṣìnà. Irọ́ ní í forí gbọgbẹ́.

Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ìyá ṣì ń bi ọmọ rẹ̀ ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Èmi àti máàkì ló wà níwájú rẹ lọ́jọ́ yẹn. Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi lo pa? Dá mi lóhùn."