Ẹnìkejì Tí Kì Í Jiyàn

Méjì-méjì ni wọ́n ń ka Ìwé Òfin ní sínágọ́gù, torí ẹni tó bá dá kà á, yóò dá ṣìnà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ni ẹnìkejì gbogbo wọn báyìí. Ohùn Yẹ́mímà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó kú, ni wọ́n fi sínú ẹ̀rọ ti Màmá Tírísà. Ọgbọ̀n ọdún ni àwọn méjèèjì fi jọ kàwé, Yẹ́mímà ò gbà fún un rí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Màmá ka ẹsẹ kan, ó sì sọ ohun tó rò pé ó túmọ̀ sí.

"Òótọ́ lẹ sọ, Màmá," ni ẹ̀rọ wí.

"Ta ni màmá ẹ? Olórí kunkun lo máa ń pè mí! Bá mi jiyàn, jọ̀ọ́."

"Òótọ́ lẹ sọ."

Màmá mọ̀ọ́mọ̀ ṣi ìwé kà: "Ísáákì ló di Ábúráhámù bàbá rẹ̀ sórí pẹpẹ."

"Òótọ́ lẹ sọ, Màmá."

Màmá pa ìwé dé. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti sin Yẹ́mímà, ṣùgbọ́n ọ̀sán yẹn gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kú.