Ẹ̀rọ Tó Mọ Ọ̀nà Àbọ̀

Fadérera sáré wọ pálọ̀ wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀, ilẹ̀kùn sì dún gbàà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fá irùngbọ̀n bàbá rẹ̀ ta gìrì.

Àwọn ti àtijọ́ á kàn gan síbẹ̀ ni, abẹ lọ́rùn baba olóbaba. Ṣùgbọ́n Fadérera ti kọ́ eléyìí pé tó bá ta gìrì, kó ka ìyẹn náà mọ́ iṣẹ́, kó má sọ ọ̀nà àbọ̀ nù. Ó gbé abẹ sílẹ̀, ó nu ọṣẹ kúrò, ó gbé àga nàró, ó tú aṣọ ọrùn, ó padà sẹ́nu ọ̀nà níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ̀rọ náà tún kí i: "Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

Bàbá rẹ́rìn-ín, irùngbọ̀n ku apá kan. "Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti kí mi láàárọ̀ yìí. Ìwọ tó kọ́ ọ ńkọ́?"

Fadérera gbàgbé kọ́kọ́rọ́, ó kúnlẹ̀.